Ẹ̀dá tí kò lọ́pọlọ tó tẹ́ ọ̀nà bíi ti Tokyo: tí a bá gbé e sórí máàpù ilẹ̀ Ọ̀kun ńkọ́?

TíṣàMọ̀pà · Ọjọ́ Àìkú, 8:10 alẹ́

Ọ̀kun o, gbogbo ilé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tírélà kan ṣubú dábùú ọ̀nà láàárín Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ àti Kábà, níbí ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Bọ́ọ̀sì tiwa ni ìkẹta lẹ́yìn rẹ̀. Láti aago mọ́kànlá àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò kúrò lójú kan. Obìnrin kan tó ń kó tòmátì lọ Lọ́kọ́ja jókòó ti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, omi tòmátì ń kán sílẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe ti tírélà tó ṣubú ló ń dùn mí. Mọ́tò á máa ṣubú. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ibòmíràn tí bọ́ọ̀sì wa lè gbà.

Nígbà tí mo délé ni mo rántí nǹkan kan tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ SS2 mi ní báyọ́lọ́jì. Ẹ̀dá kan wà tí ìwé ń pè ní Physarum polycephalum. Èmi àti àwọn ọmọ náà ń pè é ní ayọ́rìn, torí ńṣe ló ń yọ́ rìn. Kì í ṣe ewéko, kì í ṣe ẹranko, kì í sì í ṣe olú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí olú ń hù ni òun náà ń gbé, lábẹ́ ewé tó ti ń jẹrà àti lára igi tó ti kú. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, síbẹ̀ ó lè tẹ́ bo odindi àwo. Kò ní ọpọlọ, kò ní ojú.

Lọ́dún 2000, Toshiyuki Nakagaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànì tẹ́ ẹ sínú àpótí kékeré tí ọ̀nà inú rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n fi ọ́ọ̀tì, ọkà tó máa ń jẹ, sí ẹnu méjèèjì. Ayọ́rìn kọ́kọ́ kún gbogbo inú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ kúrò níbi tí kò já síbì kankan, títí ó fi ku ọ̀nà kan, èyí tó kúrú jù. Lọ́dún 2010, Atsushi Tero àti Nakagaki pẹ̀lú àwọn mìíràn to ọ́ọ̀tì sí ibi 36 lórí àwo, bí àwọn ìlú ṣe tò yí Tokyo ká, wọ́n sì gbé ayọ́rìn lé ibi tí Tokyo fúnra rẹ̀ wà. Nígbà tó fi máa tó wákàtí 26, ó ti so gbogbo wọn pọ̀. Wọ́n wá fi wé ojú irin tòótọ́ tí àwọn ẹnjiníà fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́. Wọ́n wo bí gbogbo ọ̀nà ṣe gùn tó, torí gígùn lowó. Wọ́n wo bó ṣe yá tó láti ìlú kan dé òmíràn. Wọ́n sì wo bó ṣe máa rí bí ibì kan bá já. Ayọ́rìn àti ẹnjiníà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìbéèrè mi rèé. Tí èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi bá ya ilẹ̀ wa sórí àwo, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ọbájánà, ibo ni ká fi oúnjẹ sí?

---

Màmá_Oníṣu_Kábà · Ọjọ́ Àìkú, 8:42 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ọlọ́run á bá wa ro ti obìnrin yẹn. Mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú iṣu ẹ̀gbẹ̀rún lórí mọ́tò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé mi. Nǹkan tí kò lọ́pọlọ, tí kò lójú, ta ló sọ fún un pé ọ̀nà báyìí ló kúrú?

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin · Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, màmá. Ọmọ Ìsánlú ni mí, ìṣirò ni mò ń kà ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yìí sì ti gbà mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹ wò ó bí iṣan ara. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ara rẹ̀, omi ara rẹ̀ ń ṣàn nínú wọn, á lọ fún bí ìṣẹ́jú kan, á tún yí padà. Ọ̀pá tí omi púpọ̀ ń gbà kọjá á máa sanra. Bó bá ti sanra, omi tó pọ̀ sí i á tún ráyè gbà á. Èyí tí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á máa rù, á gbẹ, á parẹ́. Ọ̀nà tó gùn kì í jẹ́ kí omi yára kọjá, nítorí náà òun ló kọ́kọ́ ń rù. Kò sí ju ìyẹn lọ. Kò sí apá kan lára rẹ̀ tó rí gbogbo máàpù. Apá kọ̀ọ̀kan kàn mọ iye omi tó ń gba inú tirẹ̀ kọjá.

Èyí gan-an ni Tero sọ di ìṣirò: kí ìkọjá máa fẹ ọ̀nà, kí àìkọjá máa pa ọ̀nà. Mo ti kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà mi, ó sì ń ṣiṣẹ́.

---

Màmá_Oníṣu_Kábà · Ọjọ́ Àìkú, 9:13 alẹ́

Áà! Ọ̀nà oko lẹ ń sọ yẹn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀nà mẹ́ta ló lọ sódò láti àbà wa. Èyí tí gbogbo wa ń gbà, ẹsẹ̀ ti fá a dán bí ilẹ̀ ilé. Èyí tí a pa tì, òjò kan péré, igbó ti bò ó, ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀ rí. Kò sí ìpàdé tí wọ́n pè lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló yàn án.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin · Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, màmá. Lọ́dún 1997, Dirk Helbing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò irú èyí ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe ń la ọ̀nà sáàárín koríko. Èèrà náà ń ṣe é. Jean-Louis Deneubourg àti Simon Goss ní Brussels ṣe afárá méjì fún èèrà, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Èèrà ń fi òórùn sílẹ̀ níbi tó bá gbà, àwọn tó gba èyí tó kúrú sì ń tètè lọ tètè bọ̀, nítorí náà òórùn ibẹ̀ ló tètè le, kò sì pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń gba ibẹ̀. Láti ara èèrà yìí ni Marco Dorigo ti mú ọgbọ́n ìṣirò tó kọ jáde lọ́dún 1992, tí àwọn èèyàn fi ń wá ọ̀nà tó dára jù fún mọ́tò tó ń pín ẹrù káàkiri.

---

Dírẹ́bà_Ẹ̀gbẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 5:31 àárọ̀

Ọ̀kun o. Mo fẹ́ gbéra, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kíá.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ wá wo tiwa. Ẹni tó bá wà ní Kábà ṣì rí ibi yà sí: bí ọ̀nà Ọbájánà bá dí, ó lè gba Òkènè dé Lọ́kọ́ja, ó sì lè gba Ìyámoyè já sí Ọ̀mùò. Ẹni tó bá wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ó lè yí sí Ọmù-Àrán. Àárín ni wàhálà wà. Láti Ayétòrò sí Mọ̀pà sí Ìsánlú, ọ̀dà kan náà ni àwa tí a ń wa bọ́ọ̀sì mọ̀. Àwọn ọ̀nà tó kù, ọ̀kadà ló ń gbà wọ́n, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Tíṣà, bí ẹ̀dá yín bá máa ṣe wá lóore, ẹ má bi í léèrè ọ̀nà tó kúrú jù. A ti ní ìyẹn. Ẹ bi í léèrè ọ̀nà kejì.

---

Awọnlẹ̀_Ògìdì · Ọjọ́ Ajé, 10:18 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Dírẹ́bà ti sọ ohun tó yẹ kí ọ̀pọ̀ ọ̀gá gbọ́.

Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí wọ́n máa ń bi wá ni pé, ọ̀nà wo ló máa gba owó tó kéré jù? Ìdáhùn rẹ̀ kì í yàtọ̀. Ọ̀nà tó bá gba owó tó kéré jù láti so ìlú mẹ́wàá pọ̀ máa ń rí bí igi, ìtì kan àti ẹ̀ka. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka kan, gbogbo ewé orí rẹ̀ rọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ Tokyo yẹn ni pé ayọ́rìn kò tẹ́ igi. Ó fi àwọn ọ̀nà àgbàyípo díẹ̀ kún un, kò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì kéré. Ó ná díẹ̀ kún owó rẹ̀ kí ara rẹ̀ má bàa já sí méjì.

Ṣùgbọ́n tíṣà, òkè ńkọ́? Àwo yín tẹ́jú. Ògìdì níbí, àpáta ló yí wa ká. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ gun òkè tí ẹsẹ̀ mi kò gbàgbé.

---

TíṣàMọ̀pà · Ọjọ́ Ajé, 2:40 ọ̀sán

Bàbá, wọ́n rò ó. Ayọ́rìn kórìíra ìmọ́lẹ̀, inú òkùnkùn àti ọ̀rinrin ló ń gbé. Àwọn ará Jàpáànì yẹn tan iná sí ibi tí òkè àti omi wà lórí máàpù, wọ́n jẹ́ kí ibi tó tẹ́jú ṣókùnkùn. Bí iná bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ló ṣe ń yẹra tó, àmọ́ bí oúnjẹ òdìkejì bá tó nǹkan, ó lè fara da ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kó kọjá. Ẹ ò rí i pé bí ẹnjiníà ṣe ń ro owó afárá náà nìyẹn.

Ayọ́rìn fúnra rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà kọ̀ǹpútà ọmọ Ìsánlú yìí ni a máa lò ná. Àwọn ọmọ ti ya máàpù sórí páálí. A kọ Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Ìyàrá, Kábà, Ìyámoyè, Ògìdì, Ọbájánà. Ẹ bá wa wò ó bóyá ó kù.

---

Ọmọ_Bùnú · Ọjọ́ Ajé, 7:55 alẹ́

Ó kù. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ láti àná, mi ò rí Bùnú, ilẹ̀ wa ní apá àríwá Kábà, níbì kankan. Inú mi kò dùn rárá, mi ò sì ní fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ ò ní fi ọ́ọ̀tì sí ọ̀dọ̀ wa. Ayọ́rìn yín á kọ́kọ́ na ọwọ́ dé ibẹ̀, kò ní bá nǹkan kan, á ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹnì kan á wá gbé àwòrán yẹn dání lọ́jọ́ kan, á ní, ẹ wò ó, ẹ̀dá tí Ọlọ́run dá fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀nà ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀dá yẹn ló sọ ọ́. Ẹni tó to ọ́ọ̀tì ló ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ojú irin tó gba Itakpe lọ sí Àjàòkúta àti Warri. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i. Kí ló mú ojú irin dé Itakpe? Irin tó wà nínú òkè ni. Ọ́ọ̀tì ibẹ̀ nìyẹn. Iṣu tó ń jáde láti Bùnú náà jẹ́ oúnjẹ, àmọ́ orí ọ̀kadà ló ti ń jáde, díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á.

---

Màmá_Oníṣu_Kábà · Ọjọ́ Ajé, 8:20 alẹ́

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Ìdajì iṣu tí mò ń tà, Bùnú ló ti ń wá. Má bínú.

Àti pé kì í ṣe iṣu nìkan. Ìyàwó àbúrò mi rọbí lórí ọ̀kadà ní òru ọjọ́ kan nínú òjò. Ọmọ náà wà láàyè, a dúpẹ́. Tíṣà, ṣé ẹ lè fi ọ́ọ̀tì sí ibi tí kò sí nọ́ọ̀sì?

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 10:47 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Bùnú, ohun tí ẹ sọ yẹn ni àléébù gidi inú iṣẹ́ yìí. Andrew Adamatzky ní Bristol gbé ayọ́rìn sórí máàpù ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn ìlú ńlá ló sì ń fi oúnjẹ sí. Ó ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí ayọ́rìn tẹ́ bá ti ìjọba mu, àmọ́ èyí tó lọ sí Scotland, ìwọ̀ oòrùn ni ìjọba gbé e gbà, ayọ́rìn ní tirẹ̀ gba ìlà oòrùn, lọ́dọ̀ Newcastle. Èyí ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé abúlé tí kò ní ọ́ọ̀tì kò sí nínú ìdíje yẹn rárá.

Mo fi ìlú mẹ́sàn-án tíṣà ṣe é lálẹ́ yìí. Nígbà tí mo jẹ́ kí omi tó ń ṣàn kéré, igi gan-an ló yọrí sí, bí bàbá ṣe wí: ọ̀nà kan láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Kábà, ẹ̀ka ní Kábà. Mo gé e láàárín Ayétòrò àti Kábà, bíi ti tírélà yẹn. Gbogbo Yàgbà, ìyẹn apá Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Mọ̀pà, já kúrò. Nígbà tí mo jẹ́ kí omi pọ̀ sí i, àwọn ọ̀nà àgbàyípo bẹ̀rẹ̀ sí í wà láàyè, àmọ́ ọ̀dọ̀ Ìyàrá àti Ìyámoyè ni gbogbo wọn kó sí. Apá àríwá ṣófo. Dájúdájú yóò ṣófo, kò sí nǹkan kan tí a fi síbẹ̀.

---

Awọnlẹ̀_Ògìdì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Mi ò sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ Bùnú. Mo rántí àwọn ibi tí a ò wọ̀n rí torí pé wọn kò sí nínú ìwé tí wọ́n kó fún wa.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè méjì la ti pò mọ́ra. Ta ló yẹ kí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Àwa èèyàn ló máa dáhùn ìyẹn, lójú ara wa, pẹ̀lú ohun tí màmá sọ nípa obìnrin tó ń rọbí. Báwo la ṣe máa so wọ́n pọ̀ tí kò fi ní já? Èyí ni ayọ́rìn mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ẹ má ṣe gbé ìbéèrè àkọ́kọ́ fún un.

---

Dírẹ́bà_Ẹ̀gbẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Mo fara mọ́ bàbá. Gáréèjì ni mo wà, mo ka ọ̀rọ̀ yìí sókè fún àwọn tó wà níbí. Ẹnì kan ní kí n béèrè: ṣé ayọ́rìn ń rántí ibi tó ti dé rí?

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:38 ọ̀sán

Ó ń rántí lọ́nà tirẹ̀. Ó máa ń fi itọ́ yíyọ̀ sílẹ̀ níbi tó bá gbà, tó bá sì tún kan itọ́ yẹn, á yà. Àwọn kan ní Sydney, Chris Reid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn lọ́dún 2012 pé èyí ló ń yọ ọ́ nínú pàkúté. Ìrántí rẹ̀ wà nílẹ̀, kò sí nínú ara rẹ̀. Ó dà bí ewé tí ẹ̀yin dírẹ́bà máa ń já sójú ọ̀nà láti fi kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

---

TíṣàMọ̀pà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Lónìí, mo jẹ́ kí kíláàsì jiyàn lórí ibi tí oúnjẹ yẹ kó wà. Mi ò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ kan ní iye èèyàn ni ká wò. Òmíràn ní oko ni. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó ní ká fi kékeré síbi gbogbo tí èèyàn ń gbé kó tó di pé a ń fi ńlá sí ibì kankan. Èyí ni a gbà. Lẹ́yìn náà a fi kún ti ibi tí ilé ìwòsàn wà, bíi ti ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni aláìsàn ń lọ, a tún fi kún ti ọjà Kábà.

Ọmọ_Bùnú, àwọn ọmọ ní kí n bẹ̀ yín. Bùnú ti wà lórí páálí báyìí, ní ibi mẹ́ta. Mo ti fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin · Ọjọ́rú, 12:26 òru

Ó ti jáde. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, torí pé ó máa ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ sí Kábà ṣì sanra jù, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá, ọ̀nà kan yọ láti Mọ̀pà, ó gba inú Bùnú kọjá, ó já sí Ọbájánà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ kò gbẹ. Mo gé Ayétòrò sí Kábà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ìlú kan tó já kúrò. Gbogbo omi tó ń ti Yàgbà bọ̀ yí sí ọ̀nà Bùnú, ọ̀pá náà sì sanra lójú mi.

Mo pe màmá mi lóru yìí láti sọ fún wọn.

---

Awọnlẹ̀_Ògìdì · Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀

O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ tẹ́jú ni. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé èyí lọ síwájú ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí omi wà. Ọ̀nà tí kò bá ka odò sí, òjò á gbé e lọ.

---

Ọmọ_Bùnú · Ọjọ́rú, 8:44 àárọ̀

Mo ka á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè kọ̀wé.

Ọ̀nà yẹn wà. Bàbá tó bí bàbá mi fi ẹsẹ̀ rìn ín lọ sí Mọ̀pà nígbà tí wọ́n lọ fẹ́ ìyá mi àgbà. Apá kan rẹ̀ ti di igbó, apá kan ọ̀kadà ṣì ń gbà á.

Bàbá, odò méjì ni ẹ máa bá níbẹ̀ kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Èyí àkọ́kọ́ kéré, orí òkúta ló ń gbà, ọ̀kadà ń kọjá nínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Èkejì máa ń kún láti ìparí oṣù kẹjọ títí di oṣù kẹwàá, kò sì sí afárá lórí rẹ̀, igi méjì tí a wó lulẹ̀ la ń gùn. Tíṣà, ibẹ̀ ni kí ẹ tan iná sí. Èmi á bẹ̀ ẹ́ wò lópin ọ̀sẹ̀ yìí, màá ya fọ́tò etí odò méjèèjì, màá sì fi okùn wọn bó ṣe fẹ̀ tó.

---

Awọnlẹ̀_Ògìdì · Ọjọ́rú, 9:01 àárọ̀

Dúró dè mí. Mo ṣì ní téèpù mi nílé. Dírẹ́bà, ṣé wàá gbé mi láti Kábà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta?

---

Dírẹ́bà_Ẹ̀gbẹ̀ · Ọjọ́rú, 9:10 àárọ̀

Aago mẹ́fà àárọ̀, bàbá. Màá dúró dè yín lẹ́nu gáréèjì.